Oko Tí Mo Fi Ìkùukùu Bò

Gbogbo ẹni tó bá pàdé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ìgbà tí mo ti dé ló ń bi mí pé kí ni mo rí ní Minna, ṣé ẹran pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣé ẹ̀rù ò bà mí. Èsì kúkúrú ni mo ń fún wọn: ẹran pọ̀, ẹ̀rù bà mí nígbà mìíràn, àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ àlejò tọ́jú. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo rí gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan, bóyá ara mi á lè balẹ̀, torí láti ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀ ni mo ti ń dìde, tí mo ń jókòó, bí ẹni tó ń retí àlejò.

Ẹ má retí kí n ròyìn ibùdókọ̀ àti táyà tó jò. A gba Ìlọrin, a gba Jẹ́bà, a kọjá odò Ọya, a gba Mokwa lọ sí Bida, a sì dé. Ohun tí mo rántí ni pé láti Jẹ́bà lọ ni mi ò ti gbé ojú kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Àwọn kan ti kọ ebè, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun pápá. Arákùnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ilẹ̀ ni mo fẹ́ rà. Mo ní rárá, iṣẹ́ mi ni kí n máa wo oko. Ó wò mí títí, ó sì sùn lọ.

Iṣẹ́ mi náà nìyẹn lóòótọ́, àmọ́ láti ojú sánmà ni. Sátẹ́láìtì tó ń yí ayé ká máa ń ya àwòrán ilẹ̀ lemọ́lemọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò rí ibi tí ohun ọ̀gbìn ti ń ṣe dáadáa àti ibi tí ọ̀dá ti ń pa á. Tá a bá fi òjò tó rọ̀ kún un, àti ohun tá a fi ojú ara wa rí lóko, a lè sọ bí oúnjẹ yóò ṣe pọ̀ tó kí ìkórè tó dé. Àwọn tó ń kó ọkà lọ síbi tí ebi ti fẹ́ jà ń dúró de irú ìsọtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ kékeré kan ní Tunga, láàárín Minna, ló gbà mí fún àkókò òjò kan. Mo ti kàwé tán, mi ò ríṣẹ́ nílé, mi ò sì lè jókòó sójú kan. Bí wọ́n ṣe ní kí n máa bọ̀ ni mo dìde.

Sannu da zuwa

Ilé Màmá Délé ni mo wọ̀ sí, ní Tayi Village, níbi tí ìlú ti ń fẹ̀ lọ sínú igbó. Ilé tuntun àti ilé tí kò tíì lórùlé ló kún ibẹ̀, oko àgbàdo kéékèèké sì wà láàárín wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmá Délé, ìjọ Onítẹ̀bọmi kan náà ni òun àti ìyá mi ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó ti wà ní Minna kí wọ́n tó bí mi. Òwú, bọ́tìnnì àti sípù ló ń tà fún àwọn aránṣọ. Nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn, "Sannu da zuwa" ló kọ́kọ́ sọ, ìyẹn ẹ káàbọ̀ ní Hausa. Ìgbà tó wò mí dáadáa ló tó bú sẹ́rìn-ín, tó tún gbogbo rẹ̀ kí ní Yorùbá, tó fi bi mí léèrè ìyá mi, bàbá mi, pásítọ̀, àti igi máńgòrò kan tí wọ́n ti gé tipẹ́.

Tuwo ìrẹsì àti ọbẹ̀ kuka ni mo kọ́kọ́ jẹ nílé náà. Ewé osè gbígbẹ tí wọ́n gún kúnná ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ yẹn. Ó ń fà bí ilá, àmọ́ ó ní òórùn erùpẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí oṣù kan fi máa pé, èmi ni mo ń béèrè fún un.

Bí mo ṣe jí lọ́jọ́ kejì ni mo kúnlẹ̀ kí bàbá Hausa kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó yára sún sẹ́yìn, ó ní kí n dìde, pé Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti rí mi lókèèrè ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, àárẹ̀ ńkọ́. Àwa tá a rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kí bíi tiwa, ẹ lọ sí Minna kẹ́ ẹ wá sọ tẹnu yín. Wọ́n á ti béèrè àárẹ̀ rẹ kí wọ́n tó béèrè orúkọ rẹ. Orúkọ tèmi gan-an, Fọlákẹ́, ṣòro fún wọn díẹ̀, nítorí náà Bayarabiya ni mò ń jẹ́ ládùúgbò, ìyẹn obìnrin Yorùbá. Àwọn ọmọ-ọmọ Màmá Délé ń gbọ́ Yorùbá mi, àmọ́ Hausa ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Tí mo bá sì dán Hausa tèmi wò, wọ́n á sá lọ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé.

Ohun tó gbà mí lójú jù ni àwọn obìnrin Gwari tí ń ti oko bọ̀. Wọn kì í ru ẹrù sórí. Èjìká ni wọ́n ń gbé igi ìdáná lé, ọrùn wọn á tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á sì máa rìn lọ bíi pé ẹrù náà ò wúwo. Màmá Délé ní wọ́n gbà pé orí ní ọlá tirẹ̀, kò yẹ kéèyàn máa di ẹrù lé e.

Ilẹ̀ pupa, ewé tútù

Dókítà Yakubu ni ọ̀gá wa. Nupe ni, láti ìhà Bida, ó ti kàwé ní Ìlọrin rí, ó sì ń sọ Yorùbá tó rọra ń kọsẹ̀. Èèyàn jẹ́ẹ́ ni. Bí mo bá ń rìn síwá sẹ́yìn nínú ọ́fíìsì, yóò ní, "Fọlákẹ́, jókòó, ilẹ̀ ò ní sá lọ." Mo máa ń jókòó. Kò ní pẹ́ tí mo máa tún dìde.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ọjọ́ tá a bá lọ sóko. A ó fi okùn pààlà igun mẹ́rin sínú oko olóko, a ó ka igi àgbàdo tó wà nínú rẹ̀, a ó wo bó ṣe yọmọ sí, lẹ́yìn náà a ó fi ohun tá a rí wé àwòrán. Àwọn àgbẹ̀ ò kọ́kọ́ fẹ́ràn okùn náà. Ọ̀kan rò pé owó orí la fẹ́ gbà. Òmíràn ní ṣé ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ òun kọ́ ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n bá a bá ti kí wọn tán, tí a jókòó sábẹ́ igi, fura á dé nínú igbá, jéró tí wọ́n pò mọ́ wàrà, a ó sì mu ún láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé kéèyàn kọ fura burú ju kéèyàn wọn ilẹ̀ onílẹ̀ lọ.

Nígbà tí àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ irun, a kó gbogbo àwòrán jọ. Ìkùukùu òjò máa ń bo àwọn apá kan. Ibi tó bá bò, funfun la máa ń fi sílẹ̀ lórí máàpù, torí a ò lè sọ ohun tá ò rí. Ibi tó kù tutù yọ̀yọ̀. Òjò ti rọ̀ dáadáa, ìṣirò wa sì sọ pé oúnjẹ yóò pọ̀. Inú gbogbo wa dùn. Dókítà Yakubu ra masa fún gbogbo ọ́fíìsì, àkàrà ìrẹsì kékeré tí wọ́n fi ń jẹ súyà.

Mo mú masa tèmi dání, mo ń wo máàpù náà. Ìhà kan wà níbẹ̀, ní àríwá ìlà-oòrùn ìlú, lápá Ṣiroro, tó tutù ju gbogbo ibi yòókù lọ. Gbaduko ni màá pe abúlé tó wà láàárín rẹ̀, torí mi ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀ gan-an. Oko tí èèyàn ń dá kì í ṣàdédé tutù. Àgbẹ̀ á kọ́kọ́ tú ilẹ̀, á kọ ebè, ilẹ̀ á pọ́n nínú àwòrán fún ìgbà díẹ̀ kí ewé tó bò ó. Mo padà sínú àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ òjò, mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo oko tó yí Minna ká ló pọ́n kó tó tutù. Gbaduko kò pọ́n rárá. Bí òjò àkọ́kọ́ ṣe rọ̀ báyìí ni ibẹ̀ ti tutù.

Koríko ni. Igbó ti gba oko, kọ̀ǹpútà wa sì ń kà á sí àgbàdo.

Àbí kí n sọ pé gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ koríko, àfi ibì kan. Kòtò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà láàárín òkè àpáta méjì. Ibẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ó sì tutù lẹ́yìn náà. Ẹnì kan ń dáko níbẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i, torí ẹ̀rí tí mo nílò nìyẹn: oko gidi rèé, koríko rèé, lórí ilẹ̀ kan náà, lábẹ́ òjò kan náà.

Mo sọ ti koríko fún Dókítà Yakubu. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn ní a ò lè yí ìsọtẹ́lẹ̀ ìpínlẹ̀ kan padà nítorí ohun tí ọkàn mi sọ, a ní láti lọ fojú rí i.

Ibi tí igi dí ọ̀nà

A ò dé Gbaduko. Bá a ṣe ń lọ ni oko ń dín kù. A kọjá ọjà kan tó yẹ kó jẹ́ pé ọjọ́ rẹ̀ ni. Àtẹ wà níbẹ̀, ìsọ̀ wà níbẹ̀, kò sí èèyàn. Ewúrẹ́ kan dúró lórí àtẹ, ó ń wò wá. Níwájú díẹ̀ la bá àwọn ọdẹ àdúgbò tó ti gbé igi dí ọ̀nà. Wọ́n kí wa dáadáa, wọ́n bi wá léèrè àárẹ̀, wọ́n sì sọ fún wa pé mọ́tò kì í kọjá ibẹ̀ mọ́. Dókítà Yakubu bá olórí wọn sọ̀rọ̀ pẹ́ ní Nupe. Nígbà tó padà wọ mọ́tò, ó ní ọkùnrin náà sọ pé àwọn agbébọn ti lé gbogbo ará ìhà ibẹ̀ kúrò lẹ́yìn ìkórè tó kọjá. Kò mọ ibi tí wọ́n wà. Kò sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa ká fi ṣe ẹ̀rí.

A yí padà sí Minna. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Tunga, mo wo àwọn kẹ̀kẹ́ tó tò síbẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Tayi. Bí mo bá jókòó nínú kẹ̀kẹ́, mo lérò pé màá pariwo. Ohun tó ń lé mi ni pé ìpàdé tí a máa gbé ìsọtẹ́lẹ̀ náà kalẹ̀ ti sún mọ́lé. Bí a bá sọ níbẹ̀ pé oúnjẹ pọ̀ ní Gbaduko, kò sẹ́ni tí yóò kó ọkà lọ fún àwọn ará Gbaduko níbikíbi tí wọ́n bá wà. Koríko ni wọn yóò fi dá wọn lóhùn.

Màmá Délé rí mi nígbà tí mo wọlé, ó ní kí n fọ ẹsẹ̀ mi kí n jẹun. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní, "Ará ibẹ̀ lo ń wá kiri? Ta ló ń dín kosai tí ò ń jẹ láràárọ̀?"

Asabe

Kosai ni Hausa ń pe àkàrà. Obìnrin Gwari kan ló ń dín in níwájú ilé tí kò tíì lórùlé kan lẹ́yìn ilé wa, inú ilé náà ló sì ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ti wà ní Tayi, "sannu" àti "na gode" nìkan, ìkíni àti ọpẹ́, ló wà láàárín èmi àti ẹ̀. Asabe lorúkọ rẹ̀.

A bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀wà tó rẹ sómi. Màmá Délé bá a sọ̀rọ̀ ní Hausa, ó ń yí i sí Yorùbá fún mi. Asabe sọ fún wa pé lóòótọ́ Gbaduko ni wọ́n ti wá. Wọ́n ti kórè tán, ọkà ti wà nínú àká, nígbà tí àwọn agbébọn dé. Wọ́n sá kúrò pẹ̀lú ohun tí wọ́n lè gbé. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó padà lọ gbin nǹkan. Ó mú wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ará abúlé rẹ̀ tó kù ń gbé, ohun kan náà ni olúkúlùkù wọn sì sọ. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń kọ ọ́. Àwọn obìnrin ibẹ̀ fún wa ní ìjókòó kan ṣoṣo tí wọ́n ní, wọ́n sì dúró.

Nígbà tá a padà dé, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo fi ilẹ̀ wọn han Asabe. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń wò. Lẹ́yìn náà ó fi ìka tó ṣì tutù tọ ipa odò, ó dárúkọ rẹ̀. Ó bi mí bóyá òrùlé òun ṣì wà. Mo ní àwòrán náà kò lè rí ilé kan ṣoṣo, nǹkan ńlá nìkan ló ń rí. Ó mi orí. Nígbà náà ni mo wá fi kòtò tó wà láàárín àpáta méjì hàn án, pẹ̀lú ìdùnnú ni mo fi sọ ọ́, mo ní ẹnì kan dáko síbẹ̀ lọ́dún yìí, ta ni?

Asabe wo Màmá Délé, ó wo kọ̀ǹpútà, ó sì béèrè nǹkan kan ní ohùn kékeré.

"Ó ní ta ni yóò rí àwòrán yìí," Màmá Délé sọ.

Mo ní àwa, àti ìjọba, àti àwọn tó ń ṣèrànwọ́. Lẹ́yìn tí a bá ti gbé e jáde, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló máa wà.

"Ó ní ṣé ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè rí i?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Asabe dìde, ó fi ẹ̀wà sílẹ̀ nínú omi, ó wọ inú ilé lọ. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. A ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ nígbà tó jáde padà. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì sọ òótọ́ fún wa. Danladi ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọkùnrin mélòó kan ti gba ọ̀nà igbó padà nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ọkà bàbà ni wọ́n gbìn sínú kòtò náà, torí èèyàn ò lè rí ibẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, nínú ihò àpáta. Bí àwọn tó lé wọn bá mọ̀, wọ́n á dúró kí ọkà gbó, wọ́n á kó o, wọ́n á sì pa wọ́n.

Ó di ọwọ́ mi mú. Hausa ló fi sọ ọ́, mi ò sì nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún mi. "Don Allah, ki cire shi." Nítorí Ọlọ́run, yọ ọ́ kúrò.

Ohun tí mo sọ nípàdé

Ọjọ́ ìpàdé pé. Àwọn tí yóò lo ìsọtẹ́lẹ̀ náà wá láti Abuja, a sì jókòó yí tábìlì ká. Mo dìde, mo ṣàlàyé ti koríko, mo sọ ohun tí àwọn ará Gbaduko sọ fún mi nílé ẹ̀kọ́. Ọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú gbọ́ mi dé òpin. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní àwọn tó sá kúrò nílé máa ń sọ pé àwọn ò ní nǹkan kan, pé bó bá jẹ́ òun náà, ohun tí òun máa sọ nìyẹn. Ó ní ewé tútù ni òun ń rí. Lẹ́yìn náà ó béèrè ìbéèrè tí èmi náà ìbá béèrè bí mo bá wà ní ìjókòó rẹ̀: ṣé oko kan tó dájú kò sí ní agbègbè náà tá a lè fi wé èyí tó kù?

Ó wà. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì kan, yóò yọ sára ògiri, àríyànjiyàn á tán, gbogbo àwọn tó wà nílé ẹ̀kọ́ yẹn á rí ọkà gbà. Mo kó ọwọ́ mi sábẹ́ tábìlì.

Mo ní, "Kò sí, sà."

Mo fi oko tí àwa fúnra wa wọ̀n nítòsí Minna hàn wọ́n dípò rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òjò ibẹ̀ yàtọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ yàtọ̀, òótọ́ ló sì sọ. Mo mọ̀ pé mo ti fẹ́ pàdánù. Mò ń wo tábìlì, mò ń ronú pé mo ti fi ebi àwọn tó pọ̀ ra ẹ̀mí àwọn díẹ̀, mi ò sì mọ ẹni tó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Dókítà Yakubu ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ní òun ti dé ibi tí igi dí ọ̀nà, òun ti rí ọjà tó dá páropáro, òun sì ti ń ka àwòrán ilẹ̀ yìí kó tó di pé mo wọ iléèwé. Ó ní kí wọ́n ka gbogbo ìhà Gbaduko sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dá, òun á fọwọ́ sí i, tó bá jẹ́ irọ́, orúkọ òun ni kó bà jẹ́. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n gbà á.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Fọlákẹ́, èmi náà rí i."

Mo pa kọ̀ǹpútà dé.

"Ṣé èèyàn ni?"

Mo ní èèyàn ni.

Ó wo ojú fèrèsé. Ó ní ìkùukùu máa ń pọ̀ lápá ibẹ̀ ní àsìkò òjò. Kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà, mo ti fi funfun bo kòtò tó wà láàárín àpáta méjì, nínú gbogbo àwòrán tí a máa gbé jáde. Mo ṣe é dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí jákujàku bí ìkùukùu gidi.

Àsìkò ìkórè

Ọkà dé ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó pẹ́, kò sì pọ̀ tó, wọ́n sì ní kí àwọn kan padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ó dé. Mo rí Asabe nígbà tó gbé àpò tirẹ̀ lé èjìká, tó ń lọ, tí kò bojú wẹ̀yìn.

Ó yẹ kí ara mi balẹ̀. Kò balẹ̀. Àwọn ará ìta nìkan ni mo fi ìkùukùu bo kòtò náà mọ́ lójú. Èmi ṣì ń rí i. Gbogbo ìgbà tí àwòrán tuntun bá dé, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ ṣí. Mo rí i tó dúdú bí ewé ọkà bàbà ṣe máa ń dúdú nígbà tó bá ga. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀. Mo mọ ọjọ́ tí ọkà náà gbó, kò sí ẹni tí mo lè sọ fún. Ní òwúrọ̀ kan, mo ṣí àwòrán, ilẹ̀ lásán ni mo bá. Ẹnì kan ti kórè rẹ̀. Àwòrán kì í sọ ọwọ́ ẹni tó kórè.

Mo sáré lọ sídìí kosai. Ààrò tutù. Ilé náà ṣófo, àwọn ọmọ Asabe wà lọ́dọ̀ aládùúgbò, wọ́n ní ìyá àwọn ní òun ń bọ̀. Mi ò jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Màmá Délé kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn ń se ọbẹ̀ kuka, ó ń gbé e síwájú mi, ó sì ń gbé e kúrò.

Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, iṣẹ́ mi sì ti parí, mo ti ń di ẹrù nígbà tí Asabe wọ ilé wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ní kété tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní kí èmi àti Màmá Délé wá jẹun.

Ọkùnrin kan jókòó sórí ẹní nínú ilé tí kò lórùlé náà. Ó rù, ojú ọgbẹ́ kan ń jiná ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Àpò ọkà bàbà mélòó kan wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n. Asabe sọ fún un pé Bayarabiya tó ń ṣiṣẹ́ ní Tunga nìyí, pé mo fẹ́ padà sílé. Danladi kí mi. Ó béèrè ilé, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè àárẹ̀ mi. Tuwo ọkà bàbà dé, ó pọ́n résúrésú, ó gbóná, a sì ń jẹ ẹ́.

Bá a ṣe ń jẹ ni Danladi ń ròyìn fún Màmá Délé, tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n kórè ní ìkánjú, wọ́n gbé ohun tí èjìká wọn lè gbé gba inú igbó, Asabe sì lọ pàdé wọn lọ́nà, ó sì dùn wọ́n pé wọ́n fi apá kan sílẹ̀ fún ẹyẹ. Gbogbo wọn ló padà wá. Ó ní àwọn tó lé wọn ń kọjá lójú ọ̀nà lójoojúmọ́, wọn ò fura. Ó ní ní gbogbo àkókò òjò náà, yàtọ̀ sí àwọn ará ilé wọn, kò sí ẹ̀dá alààyè kan tó mọ̀ pé àwọn dáko síbẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló rí wọn.

Asabe gbójú sókè, ó wò mí.

Mo mú òkèlè tó wà lọ́wọ́ mi, mo fi kan ọbẹ̀, mo sì sọ fún Danladi pé, "Sannu da aiki." Ẹ kú iṣẹ́.